Mo Yanjú Gbogbo Ìbéèrè Wọn, Kí Ló Dé Tí Wọn Ò Gbà Mí?

Ìbéèrè tó wọlé sí mi nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún kẹfà rè é tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà sọ́fítíwíà ní iléeṣẹ́ kékeré kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ńlá, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sì já mi. Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà kejì, kò sí ìbéèrè kan tí mi ò yanjú. Kóòdù mi ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò ju ìlà mẹ́ta lọ, kò sì sọ ìdí kankan. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fún ẹlòmíì níṣẹ́ náà kí n tó dé, tàbí pé ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ ni wọn ò kà sí. Ṣé kí n tún gbìyànjú? Ṣé iṣẹ́ ibẹ̀ tilẹ̀ tó ohun tí èèyàn ń wahálà lé lórí báyìí?"

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Wọ́n ti bi èmi náà léèrè rí ní irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì ti pẹ́ lára àwọn tó ń bi ẹlòmíì, nítorí náà mo mọ bí lẹ́tà onílà mẹ́ta ṣe máa ń rí lára. Mi ò rí fáìlì rẹ, mi ò sì lè búra lórí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ tó jẹ́ kí n fura sí ibi tí ẹsẹ̀ ti yẹ̀: "kò sí ìbéèrè kan tí mi ò yanjú." O rò pé bóyá ìdáhùn jáde tàbí kò jáde ni wọ́n ń wò. Ohun tó ń gbani síṣẹ́ níbẹ̀ ni ohun tí ẹni tó bi ọ́ léèrè rí kọ sílẹ̀ nípa rẹ lẹ́yìn tó o lọ tán, kí àwọn tí kò rí ọ rí lè kà á. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, àárín wọn sì ni ọ̀pọ̀ ẹni tó mọṣẹ́ ń já sí.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá, wọn kì í fi ìpinnu sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Recruiter, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń wá èèyàn fún iléeṣẹ́, á kọ́kọ́ bá ọ sọ̀rọ̀, ìdánwò kóòdù kan á tẹ̀ lé e, tó o bá sì là á já, wọ́n á tò ọ́ síwájú bí èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Wọ́n máa ń gbìyànjú kí àwọn tó bi ọ́ má mọ ohun tí ẹnì kejì wọn kọ títí wọ́n á fi kọ tiwọn tán, kí ọ̀rọ̀ ẹnì kan má baà darí ti ẹlòmíì. Olúkúlùkù á wá kọ ìròyìn: ìbéèrè tó bi, ohun tó o sọ, kóòdù tó o kọ, ibi tó o ti há, bó ṣe ràn ọ́ lọ́wọ́, àti ohun tó rò pé kí wọ́n ṣe. Ní Google, ìgbìmọ̀ kan tí kò bá ọ sọ̀rọ̀ rí ló máa ń ka àwọn ìròyìn náà. Ní Amazon, ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Bar Raiser máa ń wà lára àwọn tó ń bi ọ́. Ẹ̀ka mìíràn ló ti wá, àìtó òṣìṣẹ́ kò ká a lára, tó bá sì ní òun ò fara mọ́ ọn, ọ̀gá tó fẹ́ gbà ọ́ kò lè dá a ṣe. Bí adájọ́ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ṣe ń ka ìwé ẹjọ́ láìfojú kan ẹlẹ́rìí ni wọ́n ṣe ń kà ọ́. Ohun tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀, kò ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Wo ìbéèrè kan tí gbogbo ẹni tó ti múra irú ìdánwò yìí sílẹ̀ mọ̀ bí ẹni mowó. Wọ́n fún ọ ní àkójọ nọ́ńbà, wọ́n ní kí o wá méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ iye kan pàtó. Olùwáṣẹ́ àkọ́kọ́ ti rí i rí. Ó dákẹ́, ó kọ kóòdù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó lo hash table, ìyẹn àpótí inú kóòdù tó ń jẹ́ kéèyàn rí ohun tó tọ́jú sínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kóòdù náà ṣiṣẹ́, ó ní òun ti parí. Ẹnì kejì kọ́kọ́ bèèrè ná: ṣé àwọn nọ́ńbà yìí tò tẹ̀ léra? Ṣé nọ́ńbà kan lè wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì? Kí ni kóòdù máa dá padà tí kò bá sí méjì tó bára mu? Ó wá ní ọ̀nà tó rọrùn jù ni ká mú ọ̀kọ̀ọ̀kan ká fi wé gbogbo ìyókù, ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà bá tó 10,000, àyẹ̀wò náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 50. Tí òun bá ń tọ́jú èyí tí òun ti rí sínú hash table, ìgbà kan ṣoṣo ni òun máa gba orí àkójọ náà kọjá, ìgbésẹ̀ 10,000 péré, àmọ́ ó máa jẹ memory, ìyẹn àyè ìrántí kọ̀ǹpútà. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti tò tẹ̀ léra tẹ́lẹ̀, òun lè lo atọ́ka méjì, ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan láti òpin, láìjẹ memory kankan ní àjẹkún. Ó kọ ọ́, ó pẹ́ ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ó fi àkójọ kékeré kan dán an wò fúnra rẹ̀, ó rí i pé òun ń mú nọ́ńbà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì, ó tún un ṣe.

Àwọn méjèèjì ló yanjú rẹ̀. Nígbà tí mo bá wá jókòó láti kọ ìròyìn, kí ni mo fẹ́ kọ nípa ẹni àkọ́kọ́? Pé ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà, pé ó yá, pé ó jọ pé ó ti mọ ìbéèrè náà tẹ́lẹ̀, pé mi ò mọ bó ṣe ń ronú. Ìlà mẹ́rin, ó tán. Ti ẹnì kejì á kún ojú ìwé kan láìjẹ́ pé mo fi iyọ̀ sí i: ó béèrè ohun tó yẹ, ó mọ iye tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń ná wa, ó ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ó rí àṣìṣe, kò sì dààmú. Ìgbìmọ̀ á ka méjèèjì, wọ́n á sì mú ẹni tó pẹ́. Èyí ló fà á tí mo fi ń fura sí ọ̀rọ̀ rẹ. Ó ṣeé ṣe kó o ti yanjú gbogbo rẹ̀ kó o má sì fún ẹnikẹ́ni ní ohun tó máa kọ.

Ìdákẹ́jẹ́ ni mo máa ń rí jù lára àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ oṣù dá kẹ́kọ̀ọ́ nínú yàrá. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìbéèrè ni wọ́n ti yanjú, ṣùgbọ́n wọn ò tíì yanjú ọ̀kan rí níṣojú ẹlòmíì, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Ìkejì tó sún mọ́ ọn ni àìmọ ìrànlọ́wọ́ nígbà tó bá dé. Tí mo bá ní "ṣé ó dá ọ lójú?" tàbí "tí àkójọ náà bá ṣófo ńkọ́?", n kì í ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀nà ni mo ń là fún ọ. Ẹni tó bá gbà á, tó ní "ẹ jẹ́ kí n tún un wò", ó ti jàǹfààní. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ìdáhùn rẹ̀, kó tó ìṣẹ́jú méjì mo ti mọ ohun tí mo máa kọ nípa bó ṣe máa ń gba àtúnṣe lẹ́nu iṣẹ́, bóyá òótọ́ ni tàbí ẹ̀rù ló bà á. Kò dáa tó bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ìṣẹ́jú 45 ni mo ní, ohun tí mo rí ni mo lè kọ.

Ọdún mẹ́fà tó o ti lò lẹ́nu iṣẹ́ tún gbé ẹrù mìíràn lé ọ lórí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́, kóòdù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Irú ìwọ, apá tí wọ́n ń pè ní system design ló sábà máa ń sọ ìpele tí wọ́n á fi ọ́ sí, nígbà mìíràn òun náà ló ń sọ bóyá wọ́n á gbà ọ́ rárá. Wọ́n á ní kó o ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè kọ́ ètò ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ á sáré ka orúkọ irinṣẹ́: Kafka, Redis, Kubernetes. Ìbéèrè mi kan ṣoṣo ni "kí nìdí?", ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á ti gbẹ lẹ́nu wọn. Ṣírò kó o tó ya ohunkóhun. Tí èèyàn mílíọ̀nù 10 bá ń lò ó lójúmọ́, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá kàn sí sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń dá wọn lóhùn, nígbà 10, ó jẹ́ mílíọ̀nù 100 lójúmọ́. Ìṣẹ́jú-àáyá 86,400 ló wà nínú ọjọ́ kan, nítorí náà nǹkan bí 1,160 ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ká ní ó ń di ìlọ́po mẹ́ta nígbà tí èrò bá pọ̀ jù, kò tó 3,500. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, dátábéèsì (ibi tí ètò ń tọ́jú ìsọfúnni sí) kan tó dáńtọ́, pẹ̀lú ẹ̀dà mélòó kan tí wọ́n ń kà lára rẹ̀, lè gbé ìyẹn láìsí pé a gé e sí wẹ́wẹ́ sórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Lẹ́yìn èyí lo wá lè sọ ibi tó máa kọ́kọ́ ti já tí èrò bá di ìlọ́po mẹ́wàá, àti ohun tó o máa ṣe nípa rẹ̀. Ìwọ tó ti iléeṣẹ́ kékeré wá tilẹ̀ ní àǹfààní níbí, nítorí o ti rí dátábéèsì tó kú láàárín òru, o sì mọ ohun tó pa á. Sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dàgbà sínú iléeṣẹ́ ńlá kò rí irú rẹ̀ rí, nítorí ẹ̀ka mìíràn ló ń bá wọn bójú tó o.

Apá tí àwọn ẹnjiníà máa ń fojú di jù ni èyí tí wọ́n ti ń bèèrè nípa ìwà: ìgbà tí ìwọ àti ọ̀gá rẹ kò fohùn ṣọ̀kan, ìgbà tí iṣẹ́ kan bà jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ìtura ni. Ní Amazon, ìlànà aṣáájú 16 ló wà, wọ́n á pín wọn láàárín àwọn tó fẹ́ bi ọ́, olúkúlùkù á sì wá ẹ̀rí fún tirẹ̀. Ohun tó máa ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ fún àwọn èèyàn rere ni "a". "A tún ètò ìsanwó kọ́, a sì jẹ́ kó yá." Ta ni "a"? Mi ò lè kọ "a" sínú ìròyìn rẹ. Bóyá ìwọ lo rí i pé ìbéèrè kan ń lọ sí dátábéèsì nígbà igba dípò ẹ̀ẹ̀kan, ìwọ lo tún un kọ, ìwọ lo sì parọwà fún ọ̀gá kí wọ́n sún ìfilọ́lẹ̀ síwájú. Tó o bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo ní nǹkan tí mo lè kọ. Kó o tó lọ, kọ ìtàn bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà láti inú iṣẹ́ rẹ sínú ìwé: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí ìwọ fúnra rẹ ṣe, ohun tó yọrí sí pẹ̀lú iye tó ṣeé wọ̀n, ohun tó o máa ṣe yàtọ̀ lónìí. Ìbéèrè tí wọ́n máa bi ọ́ lè tó ogún, ìtàn mẹ́fà yẹn ló máa dáhùn ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́ rẹ, fọkàn balẹ̀. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ lè ràn ọ́ lọ́wọ́ tàbí kó dí ọ lọ́nà kí ẹnikẹ́ni tó ka CV rẹ. Tó o bá ti dé iwájú àwọn tó ń bi ọ́, agbára rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Laszlo Bock, tó jẹ́ ọ̀gá lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Google nígbà náà, sọ fún ìwé ìròyìn New York Times ní 2013 pé máàkì ilé ẹ̀kọ́ kò sọ nǹkan kan tó ṣeé gbára lé nípa bí èèyàn ṣe máa ṣiṣẹ́, àyàfi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọdún yẹn náà ló sọ pé àwọn àlọ́ apàmọ̀ tí wọ́n ń bi èèyàn tẹ́lẹ̀, irú bíi bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù mélòó ló máa kún ọkọ̀ òfuurufú kan, ìfàkókòṣòfò gbáà ni. Tẹ́nì kan bá ṣì ń ta ìwé àlọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ, má rà á.

Èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sọ pé wọ́n ti fún ẹlòmíì níṣẹ́ ṣòro díẹ̀, nítorí irọ́ kọ́ ni pátápátá. Ní iléeṣẹ́ ńlá, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ pé àyè kan ṣoṣo lẹ̀ ń dù, nítorí náà kì í sábà sí ẹnì kan tí wọ́n fi pamọ́ dè ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan tí kò kàn ọ́ máa ń ṣẹlẹ̀: wọ́n lè dá gbígbani síṣẹ́ dúró lọ́sẹ̀ tó o ṣe ìdánwò, ìpele tí ìròyìn rẹ bá mu lè máà sí lára àyè tó ṣẹ́ kù, ẹnì kan nínú àwọn tó bi ọ́ sì lè máà mọ bí wọ́n ṣe ń bini. Wọn ò ní sọ èwo fún ọ. Ẹ̀rù ẹjọ́ wà níbẹ̀: gbogbo ìdí tí wọ́n bá kọ ránṣẹ́ lẹ́nì kan lè gbé lọ sílé ẹjọ́. Àwọn tí wọ́n ń já lójúmọ́ náà sì pọ̀ ju àwọn tó lè jókòó dá wọn lóhùn lọ.

Ohun tó yẹ kó o mọ̀ jù níbí ni pé àwọn iléeṣẹ́ yìí mọ̀ọ́mọ̀ gbà kí wọ́n já ẹni rere ju kí wọ́n gba ẹni tí kò tó lọ. Lójú wọn, ẹni rere tí wọ́n já kò ná wọn ní nǹkan tí wọ́n lè rí, nígbà tí ẹni tí kò tó lè da tíìmù rú fún ọdún kan gbáko kí wọ́n tó rí ọ̀nà jẹ́ kó lọ. Google fúnra wọn ṣàyẹ̀wò àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n sì rí i pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mẹ́rin tó láti fi sọ ẹni tó yẹ kí wọ́n gbà pẹ̀lú ìdánilójú ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún. Ronú sí ìdá 14 tó ṣẹ́ kù. Brian Acton lọ síwájú Twitter àti Facebook ní 2009, àwọn méjèèjì ni kò gbà á. Òun àti Jan Koum dá WhatsApp sílẹ̀, Facebook sì wá rà á ní 2014 ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 19 dọ́là. Max Howell ló kọ Homebrew, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbé sọ́fítíwíà sórí kọ̀ǹpútà Mac, tí àwọn ẹnjiníà Google gan-an ń lò, síbẹ̀ ó kọ ọ́ sórí Twitter ní 2015 pé wọ́n já òun nítorí òun ò lè yí binary tree, ìyẹn ìsọfúnni tí wọ́n tò bí igi tó ń pẹ̀ka méjì-méjì, padà lórí pátákó. Mi ò sọ èyí láti fi tù ọ́ nínú. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ìgbà méjì kéré jù láti fi dá ara rẹ lẹ́jọ́.

Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, tún gbìyànjú, ṣùgbọ́n má fi ọ̀nà tó o gbà tẹ́lẹ̀ tún lọ. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ máa ń ní kí èèyàn dúró bí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan kó tó padà wá. Má fi gbogbo rẹ̀ ka ìbéèrè tuntun. Wá ẹnì kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó máa bi ọ́ léèrè lóhùn rara, kí aago máa ka ìṣẹ́jú, kí ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ka ohun tó kọ. Ìwé yẹn á kọ́ ọ ju àádọ́ta ìbéèrè mìíràn lọ, á sì dùn ọ́ díẹ̀. Tí o kò bá rí èèyàn, gba ohùn ara rẹ sílẹ̀. Ní ti algorithm, ìyẹn àwọn ọ̀nà tí kóòdù ń gbà yanjú ìṣòro, mọ ìwọ̀nba tó ń padà wá lójoojúmọ́: hash table, wíwá nǹkan nínú àkójọ tó tò, igi àti graph (bí àwọn nǹkan ṣe so mọ́ra), àti ìṣirò iye tí kóòdù rẹ ń ná. Àwọn ìbéèrè dynamic programming (pípín ìṣòro sí kéékèèké ká sì tọ́jú ìdáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan) tó le koko kì í wáyé tó bí àwọn èèyàn ṣe ń bẹ̀rù wọn. Tó o bá mọ ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, jẹ́ kó fi orúkọ rẹ sílẹ̀. Ìyẹn máa ń jẹ́ kí wọ́n ka CV rẹ, kò ní bá ọ dáhùn ìbéèrè. Kí o sì rántí pé AI ti lè kọ kóòdù irú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lójú ẹsẹ̀ báyìí. Àwọn iléeṣẹ́ kan, Google wà lára wọn, ti ń dá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ojúkojú padà nítorí rẹ̀. Ìdáhùn tó tọ̀nà nìkan ti ń rọ̀ lówó lójoojúmọ́.

Ó ku bóyá iṣẹ́ ibẹ̀ tó ohun tí èèyàn ń wahálà lé lórí. Níbi tó o wà báyìí, ó ṣeé ṣe kó o kọ nǹkan ní àárọ̀ kí àwọn oníbàárà máa lò ó ní ìrọ̀lẹ́. Ní iléeṣẹ́ ńlá, o lè fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ìwé tó ṣàlàyé ohun tó o fẹ́ ṣe, kí tíìmù mẹ́ta dá sí i, kí àwọn tó ń rí sí ààbò àti àṣírí oníbàárà náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn, kó o tó kọ kóòdù tí kò pọ̀. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn ẹnjiníà Google kọ ọ́ jáde ní 2016 pé kóòdù wọn tó wà lójú kan náà ti tó ìlà bílíọ̀nù méjì, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì ń fọwọ́ kàn án lójúmọ́. Ohun kékeré tó o bá yí padà níbẹ̀ lè da iṣẹ́ ẹni tí o kò mọ̀ rú. Wàá kọ́ ohun tí iléeṣẹ́ kékeré kò lè kọ́ ọ: bí wọ́n ṣe ń ka kóòdù ara wọn láìrojú, bí wọ́n ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ ìjàǹbá láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, bí ètò ṣe ń dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí èrò bá ya wọlé. Wàá sì pàdánù nǹkan: ẹ̀yà kan bíńtín lára nǹkan ńlá ni ìwọ máa di mú, ó sì lè pẹ́ kó o tó rí ẹni tó ń lò ó.

Èyí tí kò sẹ́ni tó sọ fún ọ ni pé ìwé tó já ọ lẹ́nu ọ̀nà ń dúró dè ọ́ nínú ilé. Ìgbéga níbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ wọn, ìwé ni. Ìwọ á kọ ohun tó o ṣe, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ á jẹ́rìí, ọ̀gá rẹ á kọ tirẹ̀, àwọn kan tí kò bá ọ ṣiṣẹ́ rí á kà á. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó tí kò hàn lára ìwé, irú bíi dídènà ìjàǹbá tí kò wá ṣẹlẹ̀, máa ń ṣòro láti sọ di ìgbéga. Mo ti rí ẹnjiníà tó dáa gan-an tó jókòó sí ìpele kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí pé ó kórìíra kí èèyàn máa sọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Tí ìyẹn bá jọ ọ́, fi sínú ìṣirò rẹ. Àwọn kan tilẹ̀ ti fi ìdíje sínú ìgbéléwọ̀n gan-an. Microsoft máa ń tò òṣìṣẹ́ láti orí dé ìsàlẹ̀ kí ẹnì kan lè wà nísàlẹ̀ dandan, títí wọ́n fi jáwọ́ nínú rẹ̀ ní 2013.

Owó ńkọ́? Ó pọ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n wo bí wọ́n ṣe ń san án. Apá ńlá rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìpín nínú iléeṣẹ́, tí wọ́n ń já sí ọ lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ti Amazon tó gbajúmọ̀ máa ń jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún kìn-ín-ní, ìdá 15 ní ọdún kejì, kí ìyókù tó wá ní ọdún kẹta àti ìkẹrin, nítorí náà ẹni tó bá lọ lọ́dún kejì fi ọ̀pọ̀ sílẹ̀. Iye ìpín náà sì ń gòkè ó ń sọ̀: ti Meta, iléeṣẹ́ tó ni Facebook, já wálẹ̀ ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní 2022. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ náà kò dúró gbọin-gbọin bí àwọn òbí wa ṣe rò ó. Meta dá èèyàn 11,000 dúró ní Oṣù Kọkànlá 2022, wọ́n sì kéde 10,000 míì ní Oṣù Kẹta 2023. Nínú Oṣù Kìn-ín-ní 2023 nìkan, Google kéde 12,000, Microsoft 10,000, Amazon ju 18,000 lọ. Àwọn tó mọṣẹ́ dunjú wà lára wọn. Fi owó oṣù nìkan ṣètò ìgbésí ayé rẹ, kó o ka ìpín sí àjẹmọ́nú, kó o sì tọ́jú owó tó máa gbé ọ fún bí oṣù mẹ́fà.

Tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, pẹ̀lú ọdún mẹ́fà yẹn, màá tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, sí iléeṣẹ́ bíi mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ síra wọn dípò ẹyọ kan, kí orí burúkú ọjọ́ kan má baà jẹ́ òun ló pinnu gbogbo rẹ̀, kí n sì lè fi owó tí ọ̀kan bá fẹ́ san bá èkejì dúnàádúrà. Ṣọ́ra fún ìpele. Wọ́n lè gbà ọ́ kí wọ́n sì fi ọ́ sí ìpele tó rẹlẹ̀ ju ti iṣẹ́ rẹ lọ, bóyá nítorí pé o sọ "a" níbi tó yẹ kó o ti sọ "mo". Ó rọrùn láti bá wọn jiyàn lórí rẹ̀ kó o tó buwọ́ lu ìwé ju lẹ́yìn tó o wọlé tán, torí gígun ìpele kan ṣoṣo nínú ilé lè gbà ọ́ ní ọdún méjì. Kó o tó dá wọn lóhùn, bi recruiter pé tíìmù wo ni, ta ló máa jẹ́ ọ̀gá mi, ṣé mo lè bá a sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí? Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tuntun yan tíìmù lẹ́yìn tó wọlé, ìyẹn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé wọ́n ti mọ ọ̀gá náà, tí wọ́n ò sì jẹ́ kó o bá a sọ̀rọ̀, èmi ò ní gba iṣẹ́ yẹn.